Bọ́ílà Onígi Tó Ń Pariwo Lábẹ́ Ilé: Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Mọ Ibi Tí Ariwo Ti Ń Wá Kẹ́ ẹ Tó Mú Sípánà

Ohun tí mò ń rí ní gbogbo ìgbà òtútù nìyí. Ẹnì kan á gbọ́ tí bọ́ílà onígi tó wà lábẹ́ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ilẹ̀ á máa gbọ̀n rìrì, àwọn ọmọ ò ní lè sùn, ló bá sáré lọ ra pọ́ǹpù tuntun, ó pààrọ̀ ẹ̀, ariwo ò lọ. Ó tún ra fáànù. Ariwo ṣì wà níbẹ̀. Owó ti lọ, òtútù ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi náà ṣe é lọ́dún àkọ́kọ́ tá a kó dé ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà. Pọ́ǹpù tí mo yọ dànù yẹn, kò sí nǹkan kan tó ṣe é, afẹ́fẹ́ ló há sínú páìpù.

Bọ́ílà tí mò ń sọ ni èyí tí igi máa ń wà ní yàrá òkè, tí fáànù ń fa èéfín igi yẹn wá sísàlẹ̀ gba ihò kan tí wọ́n fi bíríkì iná ṣe, tí èéfín náà fúnra ẹ̀ á sì tún jó ní yàrá ìsàlẹ̀ kó tó gba ṣímínì lọ. Ooru iná yẹn ló ń mú omi gbóná, pọ́ǹpù á wá ti omi náà gba páìpù lọ sáwọn yàrá ilé kí wọ́n lè móoru. Ẹ fi í sọ́kàn bẹ́ẹ̀, òkè ń tú gáàsì, ìsàlẹ̀ ń jó o, torí ìdajì ariwo tá a fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ ni pé gáàsì ń jó níbi tí kò yẹ kó ti jó.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Ìwé tó bá bọ́ílà yín wá. Tó bá ti sọnù, ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbi tí mo bá ti sọ ohun kan tí ìwé yín sì sọ nǹkan mìíràn, ìwé yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.
- Áláàmù tó ń ké tí gáàsì carbon monoxide bá wà nínú ilé, ọ̀kan lábẹ́ ilé, òmíràn nítòsí ibi tẹ́ ẹ ń sùn. Gáàsì yẹn náà ló ń pa àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́ríọ̀ sùn nílé. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹni tí kò bá ní áláàmù yìí, kó lọ rà á kó tó ka ìyókù.
- Mítà kékeré tó ń wọn omi inú igi.
- Mítà tó ń wọn agbára tí ṣímínì fi ń fa èéfín. Tẹ́ ò bá ní, ẹni tó ń gbá ṣímínì yín máa ní in.
- Tẹmómítà tó ṣeé so mọ́ ara páìpù, méjì.
- Búrọ́ọ̀ṣì onírin, ohun ìháǹkan onírọ́bà tàbí onígi, tọ́ọ̀ṣì, sípánà, sukudiráfà gígùn kan.
- Garawa onírin tó ní ọmọrí fún eérú. Ẹ̀yín iná lè sá pamọ́ sínú eérú fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ má gbé e sínú ike, ẹ má sì fi ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ inú ilé fà á.
- Ìbọ̀wọ́ aláwọ, gúgù fún ojú.
- Fóònù yín, àti ìwé kékeré kan.

1. Ẹ fi ẹnu yín pe ariwo náà

Mi ò ṣeré o. Èdè tiwa ní ohùn fún gbogbo nǹkan, ẹ lò ó. Ẹ lọ dúró síbi bọ́ílà, kí ẹ má ṣe fọwọ́ kan nǹkan kan, kí ẹ fi fóònù gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá kọ sínú ìwé: aago mélòó ni, igi ti wọlé tó wákàtí mélòó, omi gbóná tó dígírì mélòó, fáànù ń ṣiṣẹ́ àbí ó ti dúró, pọ́ǹpù wo ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ní wákàtí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ wò ó bóyá ó wà nínú ìwọ̀nyí:

Wùùùùù tí kò dáwọ́ dúró, láti yàrá ìsàlẹ̀, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Èyí kì í ṣe àìsàn. Ohùn iná tó ń jó dáadáa nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀.

Hùn! ... hùn! ... hùn!, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sáàárín, èéfín ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Gáàsì ló ń gbiná lókè. Ẹ lọ sí ìpele 2, lónìí.

Hùùn-ùùn-ùùn tó ń lọ sókè sódò, ilẹ̀ ń gbọ̀n, tí fáànù bá dúró ó dákẹ́. Fáànù ni, ìpele 3.

Ṣàkàṣàkà bíi ẹni ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tàbí gúlúgúlú nínú páìpù. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú omi. Ìpele 4.

Kùtùkùtù bí ìkòkò tó ń hó, láti inú ara bọ́ílà fúnra ẹ̀. Omi ń hó níbi tí kò yẹ kó ti hó. Ìpele 4 náà, ẹ sì yára.

Gbì! ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí yàrá kan bá gbóná tó tí fáàfù ẹ̀ pa dé. Ìpele 4.

Tá ... tá ... tá nínú ògiri, tàbí jìnjìnjìn lára páánù. Ìpele 5.

Ọgbọ́n kan tẹ́ ẹ ti rí lọ́dọ̀ àwọn mẹ́káníìkì wa nílé: ẹ fi ẹnu sukudiráfà gígùn kan ara pọ́ǹpù, kẹ́ ẹ gbé etí lé ìdí ẹ̀. Ohùn inú á wá tààrà sétí. Ẹ ṣe é sí pọ́ǹpù, ẹ ṣe é sí fáàfù. Ní ti fáànù, ara mọ́tò ẹ̀ nìkan, níbi tí kò gbóná, ọwọ́ yín àti aṣọ yín kò gbọdọ̀ sún mọ́ ohun tó ń yí.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n á gbọ́ ariwo ní pálọ̀, wọ́n á ní páìpù pálọ̀ ló ń ṣe é. Páìpù máa ń gbé ohùn rìn. Ibi tẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ lè jìnnà gan-an síbi tó ti ṣẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: tẹ́ ẹ bá lè sọ fún ẹlòmíì pé "ó máa ń dún báyìí, ìgbà tí nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ó sì máa ń dákẹ́ tí nǹkan báyìí bá dúró", ẹ ti parí ìpele yìí. Tẹ́ ò bá tíì lè sọ ọ́, ẹ má ra nǹkan kan.

2. Tó bá jẹ́ pé iná ló ń ṣe hùn-hùn

Ibí yìí ni màá pẹ́ sí jù, torí òun ló léwu jù. Igi tó wà lókè ń tú gáàsì jáde ju èyí tí ihò iná lè gbé lọ sísàlẹ̀ lọ. Gáàsì yẹn á kóra jọ lókè, atẹ́gùn á bá a níbẹ̀, iná kékeré kan á fò kàn án, á gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, hùn!, á ti èéfín padà sẹ́yìn gba ẹnu ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, iná òkè á kú, gáàsì á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ, á tún gbiná. Bó ṣe ń di hùn-hùn-hùn nìyẹn, tí gbogbo ara bọ́ílà ń gbọ̀n tẹ̀lé e.

ÌKÌLỌ̀: Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn òkè nígbà tó bá ń ṣe báyìí. Atẹ́gùn tuntun tó bá rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan lè mú kí gbogbo gáàsì yẹn gbiná sójú yín. Mo mọ̀ pé ara èèyàn á fẹ́ ṣí i wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má wò ó.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe lójú ẹsẹ̀:

a. Ẹ dín atẹ́gùn tó ń lọ sí yàrá òkè kù díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o, ẹ má pa á dé pátápátá.

b. Ẹ má máa tan fáànù kẹ́ ẹ máa pa á. Tẹ́ ẹ bá pa á, gáàsì á kún inú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tún tan án, hùn tó máa tẹ̀ lé e á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

d. Ẹ dúró. Gáàsì máa ń dín kù bí igi ṣe ń di ẹ̀yín iná.

e. Tó bá wá di dandan kẹ́ ẹ ṣí i lẹ́yìn tó ti rọlẹ̀: ẹ kọ́kọ́ ṣí dámpà àbùjá, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kí èéfín gba tààrà lọ sí ṣímínì, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, ẹ wá la ilẹ̀kùn ní ìwọ̀n ìka kan, ẹ dá a dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa ṣí i tán, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe iwájú.

Tí áláàmù gáàsì bá ké, ẹ kó gbogbo ilé jáde, ẹ pe 911 láti ìta. Ẹ má padà wọlé torí bọ́ílà.

Lẹ́yìn tí ara ti balẹ̀, ẹ wá ìdí ẹ̀ báyìí, ní títẹ̀léra.

Igi lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí igi bá ṣe gbẹ sí i náà ló ṣe dáa sí i. Rárá o. Igi tó ní omi nǹkan bí 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló bá bọ́ílà báyìí mu. Tó bá ju 25 lọ, kò ní jó dáadáa, èéfín ẹ̀ á sì di ọ̀dà dúdú tó ń lẹ̀ sára gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n igi tó gbẹ kanrangídí, tí wọ́n sì là á wẹ́wẹ́, bíi pákó táwọn káfíńtà gé kù tàbí igi pálẹ́ẹ̀tì, gáàsì ẹ̀ máa ń rọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ìgbà tí wọ́n bá pè mí síbi hùn-hùn, igi wẹ́wẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Ẹ la igi kan sí méjì, ẹ gún mítà mọ́ ojú inú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, kì í ṣe ẹ̀yìn tí oòrùn ti pa. Igi tó ṣì dì bíi yìnyín, ẹ gbé e wọlé kó yọ́ ná, mítà kì í sọ òtítọ́ lórí igi tó ti dì. Tó bá gbẹ jù, ẹ pò ó mọ́ èyí tó nípọn bí íǹṣì 4 sí 6.

Lẹ́yìn náà, bí igi ṣe tò. Igi tó wọ́ tàbí tó gùn jù máa ń há ara wọn lọ́rùn, wọ́n á ṣe bí afárá lókè, ìsàlẹ̀ á jó tán, àlàfo á wà lórí ihò iná. Inú àlàfo yẹn ni gáàsì ti ń rí àyè gbiná. Ẹ gé igi kúrú ju yàrá òkè lọ ní íǹṣì méjì, ẹ tò ó gbọọrọ, ẹ má ṣe rọ́ ọ kún nígbà tí ẹ̀yín iná ò tíì tẹ́ ilẹ̀ ẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀kẹta, atẹ́gùn òkè. Ẹ fi pẹ́ńtì tàbí máákà sàmì sí ibi tí ohun tẹ́ ẹ fi ń ṣí i tàbí dín in kù wà báyìí kẹ́ ẹ tó yí i, kẹ́ ẹ lè padà síbẹ̀. Ẹ yí i díẹ̀, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ tẹ́tí. Àwọn tó ń yí i ní gbogbo ìṣẹ́jú méjì ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ láé.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀nà èéfín. Àwọn páìpù inú tí èéfín ń gbà kọjá lára omi, tí eérú bá dí wọn, fáànù ń fà ni, kò sí ohun tó ń kọjá. Ẹ gbá wọn. Ẹ wọn ṣímínì pẹ̀lú mítà: ọ̀pọ̀ bọ́ílà báyìí ń fẹ́ kí agbára tí ṣímínì fi ń fà á tó nǹkan bí 0.05 íǹṣì omi, ìyẹn ó lé díẹ̀ ní pascal 12, nígbà tí iná bá ń jó. Tó bá kéré sí ti inú ìwé yín gan-an, ẹ gbójú sókè wo ṣímínì fúnra ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ga ju ibi tó ti yọ lórí òrùlé lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, ó sì gbọ́dọ̀ ga ju ohunkóhun tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 sí i lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 2.

Ìkarùn-ún, okùn tó wà ní etí ilẹ̀kùn. Nígbà tí bọ́ílà tutù, ẹ fi owó bébà kan sí etí ẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fà á. Tó bá yọ wẹ́rẹ́, okùn yẹn ti gbó, atẹ́gùn tẹ́ ò pè ló ń wọlé níbẹ̀. Ẹ ṣe é yípo gbogbo ilẹ̀kùn.

Ẹ tún kíyè sí i: tó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń jà níta nìkan lẹ ń gbọ́ pàá-pàá-pàá lára páìpù èéfín, ọmọrí dámpà tó ń ṣí fúnra ẹ̀ ló ń gbá ara ẹ̀. Ìyẹn ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú igi yín. Ẹ wò ó bóyá ó dúró gbọọrọ, ẹ ṣètò òṣùwọ̀n ara ẹ̀ bí ìwé ṣe sọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kó igi kún ẹ̀kan, ẹ jókòó tì í láti ìgbà tí ogún ìṣẹ́jú bá ti kọjá títí di wákàtí kan, ìgbà yẹn ni gáàsì máa ń pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ wùùùù nìkan lẹ gbọ́, tí èéfín ò yọ lára ilẹ̀kùn, tí áláàmù gáàsì ń fi òdo hàn, ó ti dáa. Ẹ tún wò ó fún ìkún igi méjì mìíràn kẹ́ ẹ tó gbàgbé ẹ̀.

3. Fáànù

Fáànù tó ń fa èéfín ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ bọ́ílà wọ̀nyí, inú èéfín gan-an ni abẹ́ ẹ̀ ń gbé. Bí ọ̀dà àti eérú bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ kan ju ìyókù lọ, ó ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn, á máa ju ara ẹ̀ kiri bí ẹ̀rọ ìfọṣọ tí aṣọ kó síbì kan.

ÌKÌLỌ̀: Ẹ jẹ́ kí bọ́ílà tutù mọ́jú, ẹ pa iná ẹ̀ ní bréékà, kì í ṣe ní súwíìṣì nìkan.

Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú u. Ẹ fi máákà sàmì sí bí ó ṣe jókòó. Ẹ tú àwọn nọ́ọ̀tì, ẹ fà á jáde tọwọ́tọwọ́, wáyà rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé e.

Ẹ ha ọ̀dà kúrò lójú abẹ́ kọ̀ọ̀kan àti lẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Ẹ má fi sukudiráfà gbẹ́ ẹ, abẹ́ á tẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí irin kékeré tí wọ́n há mọ́ abẹ́ kan, ẹ má yọ ọ́, ilé iṣẹ́ ló fi í síbẹ̀ kí abẹ́ lè dọ́gba. Mo ti rí ẹni tó fi tọkàntọkàn nu fáànù ẹ̀ títí ó fi ń dán, tó yọ irin yẹn mọ́ ìdọ̀tí, ariwo wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìdánwò tó wà níbí ṣe pàtàkì. Ẹ di fáànù mú kí irin àárín ẹ̀ wà ní ìbú, ẹ fi ìka yí i, kó dúró fúnra ẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó wà nísàlẹ̀. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀marùn-ún. Tó bá jẹ́ pé àmì yẹn náà ló ń padà sísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ibẹ̀ wúwo jù, ẹ tún un ha. Tó bá ń dúró níbi tó wù ú, ó ti dọ́gba.

Nígbà tó ń yí, ẹ tẹ́tí. Tó bá ń ṣe kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, tàbí ẹ ti irin àárín sọ́tùn-ún sósì tó ń mì, bẹ́árìn ti lọ. Bẹ́árìn ló nílò owó, ọ̀dà kò nílò ẹ̀. Tí mọ́tò bá ń kùn tí kò yí, tí abẹ́ sì ń yí wẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ yí i, ó lè jẹ́ kapásítọ̀, ẹ pe oníná, ẹ má fọwọ́ kàn án, torí ó lè di iná mú síra lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pa bréékà.

Ẹ dá a padà, ẹ fi gásìkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i tí ti tẹ́lẹ̀ bá ti ya. Èéfín lásán kọ́ ló wà lẹ́yìn gásìkẹ́ẹ̀tì yẹn, gáàsì tó ń pani ni.

Ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀ o. Kí ló dé tí ọ̀dà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Tí omi tó ń padà wá sínú bọ́ílà bá tutù ju 140°F, ìyẹn 60°C, irin inú á tutù, èéfín á sì di omi àti ọ̀dà sára ẹ̀. Ohun èlò bíi Laddomat 21 tàbí fáàfù Termovar ló wà fún èyí, ó ń po omi gbígbóná mọ́ omi tó ń padà. Ẹ so tẹmómítà mọ́ páìpù tó ń padà wọlé, ẹ kà á nígbà tí iná bá ti jó wákàtí kan. Tó bá ṣì wà nísàlẹ̀ 140, fáànù tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù yẹn á tún dọ̀tí kó tó pẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ́ ẹ bá ń kó igi kún bọ́ílà lọ́jọ́ tí kò tutù púpọ̀, tí kò sì sí táńkì tó máa tọ́jú ooru, iná á máa jó kíkú kíkú, ọ̀dà sì nìyẹn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbé ife omi sórí bọ́ílà, ẹ tan fáànù. Kó tó di pé ẹ tún un ṣe, ojú omi á máa ta yípo yípo. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ tún un ṣe, ó yẹ kó pa rọ́rọ́.

4. Omi

Gúlúgúlú àti ṣàkàṣàkà: ẹ wo gééjì tó ń wọn agbára omi nígbà tí bọ́ílà tutù. Ilé alájà méjì sábà máa ń fẹ́ 12 sí 15 psi, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára omi náà. psi kan ń gbé omi sókè ní ẹsẹ̀ bàtà 2.31, nítorí náà 12 á gbé e dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 28. Tí gééjì bá ń fi 6 hàn, omi ò dé àwọn yàrá tó wà ní àjà òkè ilé, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, kò sí pọ́ǹpù tuntun tó máa tún ìyẹn ṣe. Ẹ fi omi kún un, ẹ fi ọ́ọ̀sì tú afẹ́fẹ́ jáde ní yàrá kọ̀ọ̀kan lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, títí omi á fi máa jáde láìta. Lẹ́yìn náà ẹ dáná kó gbóná dé 180°F, kó tún tutù, ẹ tún un tú. Omi gbígbóná máa ń tu afẹ́fẹ́ tó ti yọ́ sínú ẹ̀ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ti ẹ̀ẹ̀kan kì í tó.

Bọ̀dá kan ní Maine pè mí lóru nítorí ariwo báyìí, ó ti tú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ní kó lọ wo ọmọrí kékeré tó wà lórí ohun èlò tó ń tú afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀. Ó ti dé e pinpin. Ọmọrí yẹn gbọ́dọ̀ tú díẹ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde.

Ẹ wo bí pọ́ǹpù ṣe dúró. Àwọn pọ́ǹpù kékeré tí omi fúnra ẹ̀ ń tu lára, bíi Grundfos UPS15-58, irin àárín wọn gbọ́dọ̀ wà ní ìbú. Tí wọ́n bá gbé e kọjú sókè, afẹ́fẹ́ á há sí bẹ́árìn, á máa ké. Tó bá ní ìpele eré mẹ́ta, ẹ dín in kù wò. Omi tó bá ń sáré ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú páìpù kọ́pà máa ń ṣe ṣìììì, ìyẹn nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 6 ní ìṣẹ́jú kan nínú páìpù 3/4 íǹṣì.

Gbì! ẹ̀ẹ̀kan: ẹ wo ọfà tó wà lára fáàfù yàrá náà. Tí wọ́n bá gbé e sẹ́yìn sí ọ̀nà tí omi ń lọ, omi á gbá a dé pẹ̀lú agbára. Ẹ yí i padà.

Kùtùkùtù nínú bọ́ílà ni kì í ṣe ohun ìdúró wò. Omi ń hó mọ́ ara irin, torí pé omi ò rìn tó, tàbí ìdọ̀tí ti dì mọ́ irin, tàbí psi ti kéré jù. Ẹ pa atẹ́gùn iná, ẹ ṣí gbogbo yàrá kí ooru lọ síbẹ̀, ẹ wo bóyá pọ́ǹpù ń yí.

ÌKÌLỌ̀: Ẹ má bu omi tútù sínú bọ́ílà tó ti gbóná tí omi ẹ̀ ti lọ sílẹ̀, irin lè là. Ẹ má dí fáàfù tó ń tú omi jáde ní 30 psi, kódà tó bá ń kán sílẹ̀.

Táńkì tó ń gba omi tó bá fẹ̀ náà máa ń ṣe iṣẹ́ ibi. Tí gééjì bá fi 12 hàn ní tútù, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 30 ní gbígbóná, ẹ tẹ ìdí ihò atẹ́gùn ara ẹ̀ bíi ti táyà. Tí omi bá jáde níbẹ̀, rọ́bà inú ti bẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní táńkì ìtọ́jú ooru ńlá, ẹ rántí pé omi gálọ́ọ̀nù 1,000 tó bá gbóná láti 60 dé 180°F máa ń pọ̀ sí i ní bíi gálọ́ọ̀nù 30, táńkì kékeré tí wọ́n ń lò fún ilé lásán ò lè gbà á.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: tútù 12 sí 15, gbígbóná kò kọjá 25, ètè sukudiráfà lára pọ́ǹpù, ohùn tó ń lọ geerege láìsí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀.

5. Irin àti ilé fúnra ẹ̀

Èyí ò gùn. Tí jìnjìnjìn bá ń dún, ẹ fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ tẹ páánù ara bọ́ílà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá dákẹ́ lábẹ́ ọwọ́ yín ni ẹlẹ́bi, ẹ fún súkúrù ẹ̀. Ẹ wo páìpù èéfín náà, oríkèé kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ súkúrù mẹ́ta. Ẹsẹ̀ bọ́ílà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, tí ọ̀kan bá lé, fáànù tó dáa pàápàá á máa mì ín.

Tá-tá-tá nínú ògiri, kọ́pà ló ń nà. Ẹsẹ̀ bàtà 100 ẹ̀ máa ń gùn sí i ní íǹṣì kan ó lé díẹ̀ tó bá fi 100°F gbóná sí i, tí ihò inú igi tó gbà kọjá bá fún un, á máa já ara ẹ̀ gbà. Ẹ fẹ ihò yẹn, ẹ fi ọ̀rá líle wé e níbẹ̀. Páìpù tí wọ́n kàn mọ́ pákó àjà tààrà, ẹ fi rọ́bà sáàárín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi rọ́bà tàbí ohun tó ń tẹ̀ sí apá ibi tí èéfín ń gbà o.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nígbà tí iná bá ń jó gan-an, ẹ lọ sí yàrá tó wà lórí bọ́ílà tààrà, ẹ bọ́ bàtà, ẹ dúró lójú ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ yín bá gbọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré yẹn pẹ̀lú déètì, kẹ́ ẹ lè fi wé ti oṣù tó ń bọ̀.